Broberg àti Holloway: ta ni kí Oilers mú dání, ta ni kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Edmonton (15 August 2024)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba họ́kì orí yìnyín láyè lónìí, ti Edmonton Oilers, ẹgbẹ́ wa nínú lígì NHL, torí ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi látijẹ́ta.

Ẹni tí ò bá tíì gbọ́, St. Louis Blues ló gbé owó ka iwájú ọmọ wa méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun 13. Offer sheet ni wọ́n ń pè é. Tí kọ́ńtíráàtì pìléyà kan bá parí tí kò sì tíì pẹ́ nínú lígì débi tó fi lè lọ síbi tó wù ú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ mìíì lè wá sọ pé àwa á san báyìí báyìí fún ẹ, tó bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ tó ni ín ní ọjọ́ méje péré, kí wọ́n san iye yẹn gẹ́lẹ́ kí wọ́n mú ọmọ wọn dání, àbí kí wọ́n jẹ́ kó lọ kí wọ́n sì gba àyè nínú dráfù, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti máa ń yan àwọn ọmọ tuntun, dípò rẹ̀. Philip Broberg tó jẹ́ difẹ́ńdà, $4,580,917 lọ́dún fún ọdún méjì. Dylan Holloway tó ń gbá apá iwájú, $2,290,457 lọ́dún, ọdún méjì náà ni. Ẹ wo bí nọ́ńbà yẹn ṣe rí, wọ́n wọ̀n ọ́n ni o, tí wọ́n bá fi dọ́là kan péré lé e, ohun tí wọ́n máa fún wa á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe wà yìí, àyè ìpele kejì ni wọ́n máa fi dí Broberg, ìpele kẹta fún Holloway. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lọjọ́ pé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lígì ti fi gbèdéke lé owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná, mílíọ̀nù 88 dọ́là ni lọ́dún yìí, a sì ti fi díẹ̀ kọjá rẹ̀ kí ìwé àwọn Blues tó dé rárá. Leon Draisaitl ku ọdún kan lórí mílíọ̀nù 8.5 tó ń gbà, gbogbo ayé ló mọ̀ pé èyí tó máa gbà tẹ̀lé e á ga gan-an. Bouchard náà ku ọdún kan lórí 3.9. McDavid wà lórí 12.5 títí di 2026. Ibo la ti fẹ́ rí owó ọmọ méjì yìí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń dùn mí tó báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́sàn-án, Holloway ló ń pe ara rẹ̀ tó bá ń gbá họ́kì nínú gáréèjì, jẹ́sì nọ́ńbà 55 ni mo rà fún un nígbà Kérésì. Lálẹ́ June 24 tí Florida Panthers fi 2-1 ná wa nílé wọn nínú géèmù keje àṣekágbá ife Stanley, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná wa ní mẹ́ta léraléra tí a sì jìjàkadì padà di mẹ́ta sí mẹ́ta, ìyá ẹ̀ ti bu ìrẹsì sílẹ̀, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án, ọmọ yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, kò sunkún o, ó kàn ń fi èékánná yọ òwú etí nọ́ńbà 5 kan títí ó fi ká sókè. Mi ò lè bá a wí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń bi mí pé ṣé Holloway ń lọ, mi ò sì mọ èsì tí màá fún un.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mánéjà, ta lẹ máa mú? Méjèèjì? Ẹyọ kan? Àbí kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn méjèèjì lọ?

Oníṣirò_Winnipeg (15 August 2024)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ owó ni mò ń ṣe, ojú yẹn ni màá fi wò ó.

Holloway, ẹ san án. Broberg, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ wò ó báyìí, Broberg, géèmù 12 péré ló gbá fún wa ní gbogbo sáà tó kọjá kó tó di playoffs, ìdíje tí wọ́n fi ń du ife lẹ́yìn sáà, Bakersfield, ẹgbẹ́ kékeré wa, ló wà. Gbogbo géèmù tó ti gbá nínú lígì yìí látìgbà tó ti dé ò ju 81 lọ. Ẹ fẹ́ lọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ ní 4.58? Ó ju owó Bouchard lọ o! Bouchard tó ní póíǹtì 82 (gólù àti ìrànlọ́wọ́ sí gólù pa pọ̀) lọ́dún tó kọjá! Tẹ́ ẹ bá san án tán, ọdún kan gbáko lẹ ò gbọdọ̀ fi pààrọ̀, òfin lígì ni, tó bá di pé kò ṣe dáadáa ẹ ti há síbẹ̀ nìyẹn. A ti há síbi tó pọ̀ tẹ́lẹ̀, Darnell Nurse ń gba 9.25 títí di 2030, Jack Campbell tí a lé lọ ní June yìí, ọdún mẹ́fà la máa fi san owó ìlékúrò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Holloway yàtọ̀. Ọmọ ọdún 22, eré ẹsẹ̀ ẹ̀ ń bani lẹ́rù, gólù márùn-ún ló gbá wọlé nínú playoffs tó kọjá yìí, 2.29 sì ni. Ní July a kó mílíọ̀nù mẹ́rin fún Viktor Arvidsson tó jẹ́ ẹni ọdún 31, a kó mẹ́ta fún Jeff Skinner tó jẹ́ 32, inú mi dùn sí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Ọmọ tí a fi àyè kẹrìnlá mú nínú dráfù 2020 nìyẹn, ẹni tí a tọ́ fún ọdún mẹ́rin, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa so èso ni ẹlòmíì fẹ́ wá ká a.

Ìyá_Ìbejì_MillWoods (16 August 2024)

Oníṣirò o kú iṣẹ́ ṣùgbọ́n mi ò gbà fún ẹ rárá. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe ní wọ́ọ̀dù, àsìkò ìsinmi mi ni mo fi máa ń wo géèmù lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń tún un wò látìbẹ̀rẹ̀ tí mo bá délé láàárọ̀, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Géèmù kẹrin pẹ̀lú Dallas. Wọ́n ti fi 2-1 ṣíwájú wa nínú ìdíje yẹn, àwọn difẹ́ńdà wa ń gbá pọ́ọ̀kì, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá họ́kì, mọ́ gíláàsì bí ẹni tí iná ń jó lọ́wọ́. Kóòṣì Knoblauch yọ Desharnais kúrò, ó fi Broberg sí i. Dallas gbá méjì wọlé kíá, mo ti pa fóònù dé, mo sọ pé ó ti tán. Nígbà tí mo máa tún ṣí i a ti ń padà bọ̀, 5-2 la fi ná wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àtìgbà yẹn títí dé géèmù keje ní Florida ọmọ náà ò kúrò mọ́. Nínú géèmù karùn-ún òun gan-an gbá ọ̀kan wọlé.

Àmọ́ kì í ṣe gólù ni mò ń wò. Ẹ lọ wo bó ṣe máa ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀kì bọ́ sẹ́yìn, ọkùnrin gìrìwò kan ń sáré bọ̀ wá fi ara lù ú, ó máa wo èjìká ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ó máa wo òsì lẹ́ẹ̀kan, ara ẹ̀ ò gbọ̀n, ó kàn máa yí ìdí padà kí ẹni yẹn fi lu ògiri, á sì ti ta pọ́ọ̀kì sí Connor McDavid láàárín. Ta ló tún ń ṣe ìyẹn fún wa yàtọ̀ sí Ekholm àti Bouchard? Ẹ dárúkọ ẹnì kan. Desharnais ti lọ sí Vancouver ní July. Bí Broberg bá tún lọ, ẹ̀yìn wa ti ṣófo nìyẹn, ẹ ò sì lè rí irú ẹ̀ rà lọ́jà lóṣù August.

Iwájú lèèyàn ti máa ń rí olówó pọ́ọ́kú. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n máa sáré wá bá Connor àti Leon gbá fún owó kékeré pọ̀ lọ jàra. Difẹ́ńdà ọdún 23 tó ga, tó lè sáré, tó sì fara balẹ̀, ọ̀wọ́n ni. Broberg ni kẹ́ ẹ mú.

IgiŃlá12_Calgary (16 August 2024)

Ẹ̀yin ará Edmonton ẹ pẹ̀lẹ́ o, Calgary ni mò ń gbé, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ tẹnu wa, ṣùgbọ́n ohun tójú wa rí ló jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ mọ orúkọ tí mo fi ń jẹ́ níbí. Jarome Iginla, Adékúnlé wà nínú orúkọ ẹ̀, ọmọ Yorùbá ni bàbá ẹ̀, Edmonton níbẹ̀ gan-an ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n tiwa ló jẹ́. Géèmù 1,219 ló gbá fún Flames, ẹgbẹ́ Calgary, gólù 525. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé Kánádà tí mo rí IGINLA lẹ́yìn aṣọ ọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀sì, mo rò pé ọmọ ìlú mi ni, mo kí i ní Yorùbá, òyìnbó ló yíjú padà! Òun ló ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo họ́kì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé a ò fẹ́ fi sílẹ̀. Ọdún 2009 la dé playoffs gbẹ̀yìn, 2010 a ò dé ibẹ̀, 2011 a ò dé ibẹ̀, 2012 bákan náà, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹgbẹ́ yẹn ti gbó, ó yẹ ká ti fi pààrọ̀ nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń wá a. A dì í mú. March 2013 la tó jẹ́ kó lọ sí Pittsburgh, kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ti kù díẹ̀ kó tán, òun fúnra ẹ̀ ló sì ní àṣẹ láti yan ibi tó ń lọ. Kí la gbà? Ọmọ yunifásítì méjì, Agostino àti Hanowski, pẹ̀lú àyè kan ní ìpele àkọ́kọ́ dráfù. Fún Iginla o! Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di nǹkan kan fún wa.

Nítorí náà kì í ṣe ta lẹ fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín. Ẹ bi ara yín pé ta ni nǹkan ẹ̀ ṣì ń lọ sókè. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí ń lọ sókè. Àwọn tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ni kẹ́ ẹ fi wá àyè. Èmi ì bá san owó méjèèjì, kí n wá ẹni tó máa gba Cody Ceci, difẹ́ńdà yẹn, lọ́wọ́ mi lónìí.

Bàbá_Àgbà_Whyte (17 August 2024)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. 1986 ni mo dé ìlú yìí. Ní August 9, 1988, ibi iṣẹ́ ni mo wà, gbogbo ẹ̀rọ ni wọ́n pa ká lè gbọ́ rédíò. Pocklington tó ni Oilers nígbà náà ti ta Wayne Gretzky, pìléyà wa tó dára jù, sí Los Angeles. Àwa tí a gba ife oṣù méjì àti díẹ̀ ṣáájú! Gretzky jókòó síwájú àwọn oníròyìn, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò lè parí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, Ukrainian kan tó ga bí òpó, jókòó sórí àpótí irin-iṣẹ́ ẹ̀, ó bo ojú. Mi ò tíì mọ̀ dáadáa nípa họ́kì nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ bí ilé òkú ṣe máa ń rí.

Ní 1990 a tún gba ife náà láìsí Gretzky, Messier ló gbé e. Látìgbà yẹn a ò tíì gbà á mọ́. Ọdún 34.

Ẹ tún rántí 2016. A fi Taylor Hall gba Adam Larsson, ẹnì kan fún ẹnì kan, torí pé a ń wá difẹ́ńdà lójú méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún méjì Hall gba Hart, ẹ̀bùn pìléyà tó wúlò jù nínú lígì, ní New Jersey. Ìyá Ìbejì, ìdí nìyẹn tí ara mi kì í gba ọ̀rọ̀ pé difẹ́ńdà ṣọ̀wọ́n ju gbogbo nǹkan lọ. Òótọ́ ni, ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti kó wa sínú gbèsè rí.

Kí ẹ má sì bínú sí Blues jù. Ní 2007 àwa náà la gbé irú ìwé yìí fún Dustin Penner ní Anaheim, mánéjà wọn bú wa káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a ò dá a lóhùn, a mú ọmọ náà wálé.

Tèmi ni pé, ohun tó bá lè dí ọ̀nà Leon, ẹ yà á sílẹ̀. Ọkùnrin tó gbá gólù 41 lọ́dún tó kọjá, póíǹtì 106, òun pẹ̀lú Connor ló jẹ́ kí ìlú yìí tún ní ìrètí. Bó bá jẹ́ pé mílíọ̀nù méje yìí ló máa jẹ́ ká lè mú un dání lọ́dún tó ń bọ̀, ká jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa lọ ní àlàáfíà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Edmonton (18 August 2024)

Ẹ ṣé gan-an ni Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ife yẹn pẹ̀lú wa.

IgiŃlá, ṣé ẹ rí nǹkan? Wọ́n ti gbé Ceci lọ sí San Jose lónìí! Wọ́n fi àyè ìpele kẹta kan kún un, wọ́n gba Ty Emberson. 3.25 ti kúrò lórí wa. Wọ́n tún gba Podkolzin lọ́wọ́ Vancouver, mílíọ̀nù kan péré ni tìyẹn lọ́dún. Ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti san owó ọ̀kan, ó kéré tán. Bí Evander Kane wa ò bá lè tètè gbá nítorí ìnira ara rẹ̀, 5.125 tiẹ̀ náà lè ṣí àyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Oníṣirò_Winnipeg (18 August 2024)

Ẹ̀gbọ́n, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Podkolzin, apá iwájú, mílíọ̀nù kan. Emberson, difẹ́ńdà, ọmọ kékeré, owó kékeré. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Holloway àti Broberg kẹ́ ẹ wò ó. Àwọn tó máa rọ́pò wọn ni wọ́n ń rà yẹn.

Ìyá_Ìbejì_MillWoods (20 August 2024)

Wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni nínú ọkọ̀. Àyè ìpele kejì, ìpele kẹta, Blues tún fi ọmọ kan tó ń jẹ́ Paul Fischer kún un, àti àyè ìpele kẹta kan ní 2028. 2028! Ìgbà tí wọ́n máa fi mú ọmọ yẹn tí wọ́n á tọ́ ọ dàgbà, Connor á ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Ìsinsìnyí la nílò èèyàn. Mi ò bínú sí àwọn ọmọ náà o, ẹni tí wọ́n bá fún ní owó bẹ́ẹ̀ yẹ kó gbà á. Ṣùgbọ́n Oníṣirò, o rí nǹkan yìí ṣáájú gbogbo wa.

Bàbá_Àgbà_Whyte (3 September 2024)

Leon ti tọwọ́ bọ̀wé. Ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 14 lọ́dún. Ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti pe ọ̀gá mi àtijọ́ yẹn lórí fóònù, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Edmonton (20 June 2025)

Ẹ má bínú pé mo tún hú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Florida tún ti ná wa, géèmù mẹ́fà lọ́tẹ̀ yìí, 5-1 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo padà wá ka gbogbo ohun tí a kọ lọ́dún tó kọjá látòkè délẹ̀.

Holloway ní póíǹtì 63 fún Blues nínú géèmù 77, gólù 26. Sáà tó gbá gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, póíǹtì mẹ́sàn-án ló ní! Broberg ní póíǹtì 29, ó sì di ọ̀kan lára àwọn difẹ́ńdà tí wọ́n gbára lé jù níbẹ̀. Oníṣirò, ẹ rí Holloway dáadáa. Ìyá Ìbejì, ẹ rí Broberg dáadáa. IgiŃlá ló rí méjèèjì, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Arvidsson àti Skinner tí a kó mílíọ̀nù méje fún, kò sí èyí tó gbá gólù 20 nínú àwọn méjèèjì. Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ má dunnú sí Leon, gólù 52 ló gbá lọ́dún yìí, òun ló pọ̀ jù ní gbogbo lígì. Ṣùgbọ́n gbèdéke owó máa fò sókè sí 95.5 lọ́dún tó ń bọ̀. Ká ní a fara da ọdún kan yẹn ni, ibi à bá ti rí owó wọn nìyẹn.

Ọmọ mi ṣì ń wọ jẹ́sì 55 yẹn. Ó ti kéré sí i lọ́rùn ọwọ́, nọ́ńbà 5 kejì ti ṣí dé ìdajì, ìyá ẹ̀ fẹ́ rán an, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kàn wá báyìí ni Bouchard. 3.9 ẹ̀ ti tán, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lè gbéwèé wá láti July 1. Iye wo lẹ rò pé ó tó ká san kí wọ́n má baà tún ká a mọ́ wa lọ́wọ́?

Ìyá_Ìbejì_MillWoods (20 June 2025)

Mẹ́wàá. Tó bá ní mọ́kànlá, ẹ fún un ní mọ́kànlá. Ẹ ṣáà ti parí ẹ̀ kí July 1 tó dé.